Kámẹ́rà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀

Mi ò kàwé púpọ̀. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, kó gbójú fò ó, kó máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an ṣì wà ní òpópónà wa, dígí náà sì wà lára ògiri títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá.

Dígí ni mò ń tà. Dígí ìwojú, kékeré àti gàgàrà, èyí tó ní férémù àti èyí tí kò ní. Ọkọ mi ló ń gé e nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní gígé, mo sì ń tà á lọ. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí dígí bíi tèmi, awọ ọwọ́ rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ náà á le. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Ó dáa. Ọjà mi náà mú.

Láyé ìsinsìnyí, àwọn èèyàn kì í fẹsẹ̀ rìn wá wo ọjà mọ́. "Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ ná." Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àràárọ̀ ni mo máa ń gbé fọ́tò dígí sórí Wásáàpù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan èyí tó wù wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí kámẹ́rà fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọjà mi ló ń gbọ̀n. Bí mo bá ti tàn án, á máa ṣe jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú. Nígbà tó yá, ó dúdú pátápátá.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Ọ̀gá Wáyà ni gbogbo wa ń pè é.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́túnla."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀?"

"Fóònù yín ni, Màmá."

"Ẹni tí mo fi fóònù sílẹ̀ fún kẹ́yìn, ó yọ bátìrì mi tó dáa, ó fi òkú bátìrì rọ́pò rẹ̀. Kámẹ́rà nìkan ni kí o tà fún mi. Màá fi í síbẹ̀ fúnra mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì. "Ẹ̀yin? Màmá, èyí kì í ṣe dígí o."

"Kí ló wà lójú fóònù? Ṣé páànù ni?"

Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò kan tí ìfun fóònù kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó tú u, ó tú u, ó mú kámẹ́rà kan jáde. Kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ọ̀rá tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

"Ara fóònù tó ti kú ni wọ́n ti yọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Mo ti fi ojú ara mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo mú un lọ sílé.

Yàrá iwájú ilé mi ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wá fídíò kan jáde lórí fóònù tirẹ̀, níbi tí ọkùnrin kan ti ń tú irú fóònù mi, a sì jókòó tì í. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ó fi yọ́ gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn fóònù.

Mo rìn lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà, mo yá ẹ̀rọ tí onídìrí fi ń gbẹ irun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló ní, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ọmọ náà jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà wálé. Wọ́n wá a títí ó fi sú àwọn tó ń bá a wá a. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún ń gorí ọdún. Òun nìkan ni kò sú. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ láti di irun, yóò kọ́kọ́ fi fọ́tò ọmọ náà hàn án.

"Kí lẹ fẹ́ fi gbẹ, Màmá?" ó bi mí. "Ṣé ẹ ti wẹ dígí ni?"

"Fóònù ni."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń yí. Ó gbé e fún mi.

Mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sẹ́yìn fóònù títí ó fi ń jó mi lọ́wọ́. Ọmọ mi ń wá nǹkan tí a ó fi fà á ṣí. Mo mú rọ́bà tí mo fi ń fa dígí kékeré láti inú férémù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo fà á. Ó dún ṣàà. Ó ṣí.

"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Màmá ti di ẹnjiníà!"

"Pa ẹnu dé. Kí ló kàn?"

Nọ́ọ̀tì kéékèèké ló kàn, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá èémí dúró kí n má baà fẹ́ wọn lọ. Mo tò wọ́n sórí bébà funfun bí wọ́n ṣe wà lára fóònù, torí wọn ò gùn dọ́gba. Okùn pẹlẹbẹ kan ló so kámẹ́rà mọ́ ara fóònù, kò nípọn ju ewé lọ. Ẹ̀mú tí mo fi ń yọ ẹ̀rún dígí kúrò lọ́wọ́ ni mo fi tú u. Mo yọ ti àtijọ́. Mo gbé tuntun síbẹ̀. Mo fi ìka tẹ orí okùn náà, ó dún kẹ́, bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Mo dè é padà. Mo tàn án.

Ó tàn. Mo jó díẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ya dígí, kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé yín. Kò sí ẹni tó fẹ́ ra dígí tó bá rí ojú olójú nínú rẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń ta aṣọ funfun kan sára ògiri tó kọjú sí dígí, èmi á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá yà á láti ẹ̀gbẹ́. Funfun nìkan ni yóò hàn nínú rẹ̀. Á mọ́ tónítóní.

Ọ̀sán ni. Òjò ṣú, kò sì rọ̀. Òpópónà dákẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí gàgàrà tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, mo gbé fóònù sókè, mo tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, òmíràn. Kẹ́ṣẹ́. Èyí rọra dún, bí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri.

Mo ní bóyá mi ò dè é le tó. Mo wo fọ́tò. Ó ṣe bàìbàì, bí dígí balùwẹ̀ lẹ́yìn omi gbígbóná. Nínú dígí náà, ohun dúdú kan dúró ní òòró.

Mo nu dígí. Mo tún yà á. Kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́. Ohun dúdú náà ṣì wà níbẹ̀.

"Màmá," ọmọ mi pè mí, "ọ̀rá tó wà lójú kámẹ́rà yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ṣí i?"

Mo fọwọ́ lu orí ara mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í ṣí ọ̀rá ojú dígí. Ẹni tó rà á ni yóò ṣí i nílé rẹ̀. Bí o bá ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní ẹnìkan ti wojú nínú rẹ̀, wọn ò ní rà á mọ́. Yàtọ̀ sí ọ̀kan tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, gbogbo dígí mi ló ní ọ̀rá lójú. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Mo ki kámẹ́rà sínú fóònù tòun ti ọ̀rá rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bọ̀ wá lò ó.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Mo tún ṣí fóònù, mo fi ẹ̀mú ká ọ̀rá náà kúrò, mo tún dè é. Mo padà síwájú dígí, mo yà á. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Mi ò wọ awò mi, ojú mi kò sì rí nǹkan kéékèèké dáadáa mọ́. Mo rí i pé dígí hàn, férémù hàn. Mo gbé e sórí Wásáàpù, mo lọ gbé omi kaná.

Omi kò tíì hó tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Oníbàárà mi kan fi ohùn ránṣẹ́: "Ìyá Onídígí! Ẹ gba ọmọ iṣẹ́, ẹ ò wí! Ẹ ní kó gbé fóònù kúrò lójú ká rí i, àbí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ yín ọkùnrin ni?"

Mi ò ní ọmọ ọkùnrin. Mi ò ní ọmọ iṣẹ́.

Ọmọ mi gba fóònù, ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá, ta lẹ yà?"

"Dígí ni mo yà."

"Ẹ wọ awò yín."

Mo wọ awò mi. Ọmọbìnrin kan wà nínú dígí. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí èmi dúró sí. Àárín gangan ló wà, ó kọjú sí wa. Ó gbé fóònù bo ojú, bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe máa ń gbé e bí wọ́n bá ń ya ara wọn nínú dígí. Ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló wọ̀, lẹ́tà funfun wà láyà rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe aṣọ funfun mi. Ògiri kan ni, ògiri tí wọn ò kùn.

Mo yí ojú padà. Aṣọ funfun mi wà níbi tí mo ta á sí. Kò sí ẹnikẹ́ni. Omi ń hó nínú ilé ìdáná, òun nìkan ló ń dún.

A ò tíì sọ nǹkan kan tí onídìrí fi já wọlé. Kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ààbọ̀ irun.

"Màmá, ẹ káàsán. Níbo ló wà?"

"Ta ni?"

"Àbúrò mi. Ẹ má bá mi ṣeré. Àbúrò mi ló wà nínú fọ́tò yín."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ ilé ìdáná, ó wọ yàrá wa, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A ń gbọ́ tó ń pè é ní orúkọ tí wọ́n máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó padà dé, ó na fóònù tirẹ̀ sí mi, ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi.

"Ẹ wo ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló há a ní kékeré, kò nà mọ́. Ẹ̀wù iṣẹ́ tó wọ̀ lọ lọ́jọ́ náà nìyí. Màmá, ẹ̀yin lẹ yà á. Níbo lẹ ti yà á?"

Mo na ọwọ́ sí dígí.

A jọ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Wáyà. Onídìrí ń sáré, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ ta lo ti ra kámẹ́rà yìí?" mo bi í.

"Ṣé ó bàjẹ́ ni, Màmá? Mo sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí n..."

"Kò bàjẹ́. Ó dáa jù. Ọwọ́ ta ni?"

"Àpò-àpò ni mo ń rà wọ́n. Wọ́n ti tú wọn sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó lè mọ ara fóònù tí èyíkéyìí ti wá." Ó wo ojú onídìrí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Aǹtí, ẹ má bínú. Bí ẹ bá fẹ́, kí n pààrọ̀ rẹ̀ fún Màmá."

"Rárá!"

Gbogbo àwọn tó wà ní ìkóríta ló yíjú wò wá.

Nígbà tí a padà dé iwájú dígí, onídìrí tún aṣọ rẹ̀ fà, ó dúró sí àárín gangan.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mi ò fẹ́ yà á. Ara mi ń sọ fún mi pé kí n tú fóònù, kí n sọ kámẹ́rà náà sínú odò. Ṣùgbọ́n mo mọ irú ohùn yẹn. Èmi náà ti fi bèèrè ọkọ mi rí, èmi tí mo rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Obìnrin yìí kò tilẹ̀ mọ ibi tí ó lè máa sunkún sí.

Mo gbé fóònù sókè. Kẹ́ṣẹ́. Kẹ́ṣẹ́.

Nínú fọ́tò náà, onídìrí tó dúró síwájú dígí kò sí nínú dígí. Ẹ̀yìn rẹ̀ hàn níta, ṣùgbọ́n dígí kò mú un. Ọmọbìnrin yẹn ló wà níbẹ̀. Ó ti gbé fóònù wálẹ̀ díẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ hàn.

Onídìrí fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ń wo nǹkan mìíràn. Àyà ọmọ náà ni mò ń wò.

"Ka lẹ́tà yẹn fún mi," mo sọ fún ọmọ mi.

Ó kà á. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá ni. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sára ògiri inú ilé, inú dígí ni mo sì ti ń rí i láràárọ̀. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe rí ní òdì ju bó ṣe rí gan-an lọ. Lẹ́tà kì í dúró tààrà nínú dígí. Kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń tà á.

"Kì í ṣe inú dígí ló wà," mo ní. "Òjìji kọ́ nìyí. Ó dúró sí òdìkejì, ó ń wò wá, bí ẹni tó dúró lójú fèrèsé."

"Kí ló wá ń fi fóònù ṣe?" ọmọ mi bèèrè.

Gbogbo wa ti gbọ́ ìró kejì yẹn. Àwa ló ń yà.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn dígí tó wà lára ògiri ń di eléérú. Kò sí ẹni tó rántí tan iná. Onídìrí sún mọ́ dígí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun.

"Gbé e kúrò lójú. Èmi ni. Ṣé o ò rí mi ni? Gbé fóònù wálẹ̀, jẹ́ kí n rí ojú rẹ."

Ó mi orí sí mi. Mo yà á. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ náà ti gbé fóònù dé abẹ́ àgbọ̀n. Ojú rẹ̀ hàn kedere. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni.

"Òun ni," onídìrí wí. "Òun ni, òun ni." Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fa orí ọmọ náà tóbi. Ó pẹ́ tó fi ń wo irun rẹ̀.

"Irun yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan," ó ní. "Ẹ wò ó, ojú ìlà rẹ̀ ṣì funfun. Irun kò tíì hù sí i."

"Ó wà láàyè nìyẹn!" ọmọ mi pariwo. "Aǹtí, ẹnìkan ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnìkan ń di irun fún un."

Ìka onídìrí ń tẹ̀lé ìlà irun náà lórí fóònù, láti iwájú orí dé ẹ̀gbẹ́ etí. Ó tún un ṣe. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"Kí ni?" mo bi í.

"Ọwọ́ mi ni."

"Kí lo wí?"

"Màmá, gbogbo onídìrí ló ní bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rìn. Mo mọ ti àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, mo mọ ti àwọn tó kọ́ mi. Bí mo ṣe máa ń yí ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí nìyí. Mi ò fi èyí kọ́ ẹnikẹ́ni." Ó gbé ojú sókè. "Èmi ni mo di irun yìí fún un. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan orí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lọ."

Mo gba fóònù, èmi náà wo irun náà.

Onídìrí ló kọ́kọ́ gbéra. Ó mú páálí kan nínú èyí tí mo fi ń di dígí, ó béèrè bíró tó nípọn. Ọmọ mi ní ṣé kí wọ́n kọ ọ́ ní òdì ni, kí ó lè rí i kà. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Fèrèsé ni mo pè é. Onídìrí kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: MÁA BỌ̀ NÍLÉ. Ó gbé e dání láyà, ó dúró síwájú dígí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Omijé ń ṣàn lórí ẹ̀rín náà.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́ṣẹ́.

A dúró. A ń retí ìkejì. Ọkọ̀ kan kọjá níta, ìró rẹ̀ lọ títí ó fi pòórá. A ṣì ń retí. Kò dún.

Mo wo fọ́tò. Yàrá tí ọmọ náà wà nínú dígí ti ṣófo. Ògiri tí wọn ò kùn náà hàn dé ìsàlẹ̀, torí kò sí ẹni tó bò ó mọ́. Ohun tí ara ọmọ náà ti bò tẹ́lẹ̀ wá hàn: àga kan, àti àpótí kékeré kan níwájú àga náà. Bí a ṣe ń tò ó nìyẹn bí a bá fẹ́ di irun. Ẹni tó ń di irun á jókòó sókè, ẹni tí wọ́n ń di irun fún á jókòó sísàlẹ̀, á fi ẹ̀yìn tì í lórúnkún. Kóòmù kan wà lórí àga.

"Ó ti gbéra," onídìrí wí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà tí mi ò rí rí. "Ó ti kà á. Ó ti ń bọ̀."

Yàrá tó ṣófo kì í sọ ibi tí ẹni inú rẹ̀ gbà lọ. Mo mọ ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni kóòmù náà ló pè é wọlé. Mo wo ojú obìnrin náà, mo gbé ẹnu mi tó mú yẹn, mo pa á dé.

A yà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Yàrá náà ṣófo.

Láti ìgbà náà, fóònù ọmọ mi ni mo fi ń ya ọjà. Bí mo bá fi tèmi ya èèyàn tàbí ilé tàbí ewúrẹ́, ohun tí mo yà náà ni mò ń rí. Bí mo bá kọ ojú rẹ̀ sí dígí, yálà ti ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ara ọkọ̀ tó kọjá, yàrá yẹn ni. Ọmọ mi ní kí n yọ kámẹ́rà náà, kí ọkàn wa balẹ̀. Mo ní rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní nìyẹn, ọwọ́ tèmi kọ́ ni yóò dí i.

Dígí gàgàrà yẹn kò ṣeé tà mọ́. Ojoojúmọ́ ni onídìrí ń wá, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó gbé àga kan wá, ó gbé àpótí kékeré kan wá síwájú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ bi í pé ta ni àpótí wà fún. Ó ní, "Bí ó bá dé, Màmá, ó di dandan kí irun rẹ̀ ti hù."

Ó máa ń kọjú sí dígí. Nínú dígí, ojú tèmi ń rí i bó ṣe yẹ kó rí: òun, àga, àpótí tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó kàn ń jókòó lásán. Nígbà tó yá, ó ń mú kóòmù dání. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rìn. Ó ń rìn ní òfuurufú, lókè àpótí náà, ní ibi tí orí èèyàn ì bá wà. Ó ń la ìlà láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ó ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Kò sọ pé kí n ya fọ́tò mọ́. Mo ti rò ó títí ìdí tí kò fi sọ ọ́ mọ́.

Lánàá, mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ilẹ̀ ti ń ṣú o."

"Ẹ dúró díẹ̀, Màmá. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan."

Fóònù wà nínú àpò aṣọ mi. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó tẹ̀wọ̀n sí mi lára bí òkúta. Bí mo bá gbé e sókè sí dígí yẹn, màá rí ẹni tó wà lórí àpótí, bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀. Màá sì rí i bí kò bá sí.

Mi ò gbé e sókè. Mo mú aṣọ ìnudígí, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀:

"Tẹ orí síwájú díẹ̀. Pẹ̀lẹ́. Ó ti ń tán."